Ta Ló Kọ Ilà fún Bíárìn?

Lórí tábìlì mi nílé, ìlàjì bíárìn kan wà níbẹ̀ tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí fáànù má baà gbé wọn lọ. Bíárìn ni òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí bọ́ọ̀lù irin ń yí láàárín wọn, kí ọ̀pá ẹ̀rọ lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Aládùúgbò wa kan rí i lọ́jọ́ tó wá tọrọ iyọ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé Ògún lẹ ń bọ ni?" Mo ní rárá o, ṣùgbọ́n èmi àti Ògún mọ ara wa. Ká ní ó gbé e sún mọ́ iná ni, ì bá rí ohun tí mo torí rẹ̀ gbé e wálé. Inú òrùka náà, níbi tó yẹ kó máa dán bíi dígí, ilà ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, àfi bí ẹni pé olóòlà ló fi abẹ kọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà, apá ìlú Agbára ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ mi ṣì ń tibẹ̀ wá. Iṣẹ́ mi ni pé kí ẹ̀rọ má dákẹ́, bó bá sì dákẹ́, kí n jí i. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́tò iná kan (kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí Ṣàgámù o), 37 kilowáàtì, tó ń yí fáànù ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ ọjà wa. Bíárìn 6313 ló gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ń ta bíárìn mọ̀ pé tí a bá mú nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, 13, tí a sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, 65 la máa rí, ìyẹn sì ni ìwọ̀n ihò rẹ̀ ní mìlímítà. Bí fáànù yẹn bá dúró, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ìgbẹjà á di kókó, ṣọ́bìrì la ó máa fi wà á dànù.

Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ó pa bíárìn mẹ́ta. Ohun tó yẹ kó lo ọdún mélòó kan!

Èkíní kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, iṣẹ́ òru ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì pupa, inú mọ́tò ti ha ara wọn, wáyà rẹ̀ ti jó, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wé wáyà mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi jókòó. Nínú ìpàdé, ẹnu gbogbo èèyàn kò lórí ọ̀rọ̀ kan: ayédèrú ni wọ́n rà. Ọmọkùnrin tó ń bá wa ra nǹkan lọ́jà búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ lọ́jọ́ náà nìyí: "Bíárìn ti nọ́ọ̀kì. A ti pààrọ̀ rẹ̀." Ó tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, mo jókòó ka ìwé iṣẹ́ yẹn dé ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Gbólóhùn yẹn kan náà ló kún inú rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé nìkan ló ń yàtọ̀.

A ní fítà àgbà kan. Kò pẹ́ mọ́ tó máa fẹ̀yìn tì. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, títí kan ọ̀gá tó ti òkè òkun wá. Bàbá ní síkúrù-díráífà gígùn kan tí kò fi tú nǹkan kan rí. Ó máa fi ẹnu irin rẹ̀ kan ara ilé bíárìn, ó máa fi ìdí rẹ̀ ti egungun tó wà níwájú etí, á sì di ojú. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí lọ́dún tí mo dé, tí mo ṣì ń fi ìwé ẹ̀rí póli mi yangàn: bíárìn tí ara rẹ̀ dá, ohùn rẹ̀ á máa lọ geerege bí omi inú páìpù. Èyí tí gírísì ti gbẹ nínú rẹ̀ á máa pariwo ṣìì bíi pé wọ́n da omi sínú epo gbígbóná. Èyí tó ti ní ihò lára á máa ta kò, kò, kò.

Lẹ́yìn ikú àkọ́kọ́, mo bẹ̀ títí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń wọn gbígbọ̀n fún wa, kékeré tó ṣeé fọwọ́ kan gbé. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú síkúrù-díráífà Bàbá, àmọ́ òun ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kò sì ní í fẹ̀yìn tì. Irú mọ́tò wa yìí, tí a fi bóòtì dè mọ́ kọnkéré, bí gbígbọ̀n rẹ̀ kò bá ju mìlímítà 1.4 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ara rẹ̀ le bíi tọmọ tuntun. Bó bá kọjá 4.5, a kì í tún bẹ̀ ẹ́ mọ́, ká pa á ni. Òfin ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́.

Ibi tí ó ti dùn mọ́ mi jù ni pé àìsàn kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù mẹ́jọ ló wà nínú 6313. Mọ́tò wa ń yí nǹkan bí ìgbà 1480 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 24.7 ní ìṣẹ́jú àáyá. Fi 8 sọ 24.7 di púpọ̀, ó di 197 àti díẹ̀. Bí òrùka ìta bá ti ní ọgbẹ́, bọ́ọ̀lù á máa gba ojú ọgbẹ́ náà nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 iye yẹn, ìyẹn 79 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá jẹ́ òrùka inú ni, ìdá 60 ni. Ìṣirò orí ìka nìyẹn o; tí a bá fi ìwọ̀n bọ́ọ̀lù gan-an kún un, ó ń sún mọ́ 76 fún tìta. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà lé bíárìn kejì, Bàbá ti fetí sí i tán. Ó ní, "Ẹnjiníà, òrùka ìta ló ń dùn ún." Mo wo ojú ẹ̀rọ. Ṣóńṣó kan dúró gangan ní 76, àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀lé e ní 152, 228, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé e hàn án. Kò tilẹ̀ wò ó dáadáa. Ó ní, "Wọ́n wá fi owó ńlá ra etí mi."

Bí a ṣe mọ̀ ṣáájú nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú. Ọjọ́ Àìkú la pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ṣọ́bìrì, kò sí ìpàdé. Ọ̀gá pátápátá fi lẹ́tà ìyìn ránṣẹ́ sí wa. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣóńṣó 76 tún yọjú lára bíárìn kẹta. A tún kéde rẹ̀. A tún fi ọjọ́ Àìkú sí i. Wọ́n tún yìn wá.

Orí ìyìn kejì yẹn ni ara mi ti kọ́kọ́ fu. Babaláwo tó ń sọ ọjọ́ tí ọmọ máa kú gẹ́lẹ́, tí ọmọ sì ń kú léraléra, ṣé ẹ ò ní bi í pé kí ló ń pa wọ́n ni?

Ọ̀gá tó wà nídìí ìpèsè ọjà ní àbá tirẹ̀. Ó ní ká kàn máa pààrọ̀ bíárìn náà lóṣù méjì méjì, yálà ó ń ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹ̀rọ ń darúgbó bí bàtà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Waddington ń bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Bìrìtìkó wo àwọn bàálù tó ń ṣọ́ òkun. Ó rí i pé ẹ̀yìn àtúnṣe àsìkò gan-an ni ìbàjẹ́ ń pọ̀ sí i, tí yóò sì wá máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tó ń tú nǹkan tí kò ṣe nǹkan kan, òun náà ń dá àìsàn sílẹ̀. Lọ́dún 1978, Nowlan àti Heap, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní United Airlines, kọ ìròyìn kan fún ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà. Ìdá 11 péré nínú 100 ẹ̀yà bàálù tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní ọjọ́ orí tí ìbàjẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ìdá 68 jẹ́ irú èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun. Mo sọ èyí fún ọ̀gá. Ó ní Agbára la wà, a ò sí nínú bàálù. Mo dákẹ́.

Àmọ́ bàálù ò kúrò lọ́kàn mi. Ìtàn Comet ni mo ń rò, bàálù jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ń gbé èrò lágbàáyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1954, ọ̀kan fọ́ lójú ọ̀run lẹ́bàá erékùṣù Elba ní Ítálì, èèyàn 35 ló bá a lọ. Wọ́n dá àwọn yòókù dúró. Wọ́n jókòó, wọ́n ronú ohun tó ṣeé ṣe kó fà á, wọ́n tún gbogbo ohun tí wọ́n fura sí ṣe, wọ́n sì gbé wọn sókè padà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìkejì já sínú òkun lẹ́bàá Naples, pẹ̀lú èèyàn 21. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, wọn ò sì tíì gbọ́ òwe náà yé. Ẹ̀yìn ìkejì yìí ni wọ́n wá gbé odindi bàálù kan sínú àgbá omi ńlá ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fún omi sí i nínú, wọ́n ń tú u jáde, bí ìgbà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló rí. Nígbà tí iye ìfò tó fò lóòótọ́ àti èyí tí wọ́n fò fún un nínú omi jọ pé 3,057, ara rẹ̀ ya. Àárẹ̀ irin ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun ihò tí wọ́n gé sí ara bàálù. Àwọn àfọ́kù tí wọ́n fà jáde láti ìsàlẹ̀ òkun Elba náà sì jẹ́rìí sí i.

Ohun tí àwa náà ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. À ń tún ohun tí a fura sí ṣe. Bíárìn tó kú ńkọ́? Inú dúrọ́ọ̀mù àlòkù irin la ń jù wọ́n sí, onípáǹtí á wá kó wọn ní òpin oṣù.

Mo sáré lọ síbi dúrọ́ọ̀mù náà. Ẹni kejì ti lọ, ṣùgbọ́n ẹni kẹta ṣì wà lókè, epo dúdú bò ó. Bàbá bá mi gbé e wá sórí tábìlì iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ fi igi kékeré bu gírísì inú rẹ̀ sórí bébà funfun kí n tó fọ ohunkóhun. Mo rántí àwọ̀ gírísì yẹn nígbà tí a fi í sí i, ó fẹ́ jọ oyin. Báyìí ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń rùn bíi wáyà tó jó. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí, kò sọ̀rọ̀. Mo wá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. A dè é mọ́ fáìsì, ọmọ iṣẹ́ wa kan sì fi gíráńdà gé òrùka ìta sí méjì. Mò ń da omi tútù sí i bó ṣe ń gé e, kí ooru gíráńdà má baà pa àpá tí mò ń wá rẹ́. Ìgbà tó pín, ìlàjì kan bọ́ sílẹ̀, ó dún gbaaan lórí sìmẹ́ńtì, ó yí lọ sí ẹsẹ̀ Bàbá.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Bàbá fúnra rẹ̀ kọ pélé o, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó gbójú sókè, ó ní:

"Ta ló kọ ilà fún un?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò lè ṣìnà. Ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń rìn ti di páànù ìkọ́lé, gèlè gèlè gèlè, àlàfo wọn dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mo fi èékánná fà á, ó ń dún kẹrẹrẹ.

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá wo ilà ojú èèyàn, wọ́n á mọ ilé tó ti wá. Bíárìn náà rí bẹ́ẹ̀, a ò kàn kì í wojú wọn ni. Èyí tó ru ẹrù títí ó fi rẹ̀ ẹ́, awọ ara rẹ̀ á bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tí omi wọ̀, ìpẹtà máa wà níbi tí bọ́ọ̀lù sinmi sí. Èyí tí gírísì tán nínú rẹ̀ á gbóná títí àwọ̀ rẹ̀ á fi di búlúù. Èyí tí fítà aláìnísùúrù fi òòlù lù wọlé, èjìká kan ṣoṣo ló máa ní àpá. Ilà tó tò bí èyí, tó sì dọ́gba, iná ló ń kọ irú ẹ̀. Iná mànàmáná ń gba inú bíárìn kọjá.

Ibo ni iná ti dé inú irin tó ń yí? Oṣù méjì ṣáájú ikú àkọ́kọ́, wọ́n ra VFD fún mọ́tò náà, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ ká lè dín eré rẹ̀ kù. Owó dísù ló fà á, mi ò sì dá wọn lẹ́bi: bí eré fáànù bá dín sí ìdá 80 nínú 100, iná tó ń jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n bí VFD ṣe ń ṣe é ni pé ó ń gé iná sí wẹ́wẹ́, ó ń tàn án, ó ń pa á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá. Gígé yìí máa ń kó iná sára ọ̀pá mọ́tò. Iná ọ̀hún ń wá ilẹ̀ tó máa bọ́ sí, ọ̀nà tó sì sún mọ́ ọn jù ni kó fo epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti òrùka kọjá. Nígbàkígbà tó bá fò, ó máa yọ́ irin níbẹ̀, ihò rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ló wá di ilà. Ìyẹn náà ló jó gírísì.

Kò sẹ́ni tó so ó pọ̀ torí pé VFD wà nínú yàrá tirẹ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, fáànù sì wà lókè àjà. Mítà tí ẹlẹ́tíríṣàn wa ń gbé kiri kò lè rí i, ó yára jù fún un. Mo lọ yá oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò sójú rẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ mi kan. A fi ẹnu rẹ̀ kan ọ̀pá mọ́tò níbi tó ti ń yí, iná sì ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú rẹ̀, ó ń já lulẹ̀ lójijì, ó tún ń gòkè. Gbogbo jíjá yẹn, abẹ olóòlà ni. Ẹlẹ́tíríṣàn wa ní, "Ha!" Ọmọkùnrin tó ń ra bíárìn náà wà níbẹ̀, ó wojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀, ó sì gba mínírà tútù lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn kan wá láti Èkó pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n fẹ́ ta sẹ́ńsọ̀ fún wa, tí AI á máa kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án lóru. Mi ò bá sẹ́ńsọ̀ jà o. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò lè dé, tàbí tí ooru ò jẹ́ kí a dúró, mo fẹ́ ẹ. Kámẹ́rà tó ń rí ooru ti gbà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ wáyà tó tú nínú páńẹ́ẹ̀lì. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lẹ́nu ìdérí epo gíábọ́ọ̀sì sì ń sọ òótọ́ fún mi lóṣooṣù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n: kí ni AI yín fi ń kọ́ ẹ̀kọ́? Wọ́n ní ìtàn ìbàjẹ́ ẹ̀rọ yín àtẹ̀yìnwá ni. Mo gbé ìwé iṣẹ́ wa fún wọn. Bíárìn ti nọ́ọ̀kì, a ti pààrọ̀ rẹ̀. Bíárìn ti nọ́ọ̀kì, a ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn ka ojú ewé mẹ́rin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ìwé náà dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ̀rín yẹn.

Ojútùú náà kò gba ariwo. Òrùka kan tó ní irun kábọ́ọ̀nù la fi sí ẹnu ọ̀pá, irun náà ń fara kan ọ̀pá bó ṣe ń yí, ó ń sin iná lọ sílẹ̀ kó tó ronú bíárìn. Ní ẹ̀yìn mọ́tò, a fi bíárìn tí wọ́n fi seramíìkì bò lára sí i. A pààrọ̀ wáyà tó ti VFD wá sí èyí tó ní ìbora, a sì dè é mọ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí ọjọ́ mẹ́rin ti ikú àkọ́kọ́ jẹ lára wa. Síbẹ̀ oṣù méjì ni ìwé ìbéèrè owó náà fi ń yí láti tábìlì dé tábìlì, torí kò sẹ́ni tó ń fi lẹ́tà ìyìn ránṣẹ́ nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, gbígbọ̀n rẹ̀ wà ní 1.3. Bàbá náà fi síkúrù-díráífà rẹ̀ kàn án, ó ní ó ń sùn.

Láti ìgbà yẹn, kò sí bíárìn tó ń lọ sí dúrọ́ọ̀mù láìgba ọwọ́ wa kọjá. Bàbá ní agolo mílíìkì ńlá kan tó ń kó àwọn tí a gé sí, ó so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹ̀rọ, ọjọ́, àti ohun tó rí. Kò fẹ́ràn ìwé kíkọ tẹ́lẹ̀. Ní àná, bí mo ṣe ń se ẹ̀wà àwọn ọmọ, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti tú bíárìn pọ́ńpù kejì, èyí tó kàn wà nílẹ̀ fún ọjọ́ pàjáwìrì, tí a ò tíì tàn láti oṣù Kẹfà, tó sì jókòó ti èkíní tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

"Ẹnjiníà, ọmọ mi, èyí ò kọ ilà o. Kò ṣiṣẹ́ kankan, síbẹ̀ ó ní ojú àpá bíi ti ilẹ̀ẹ́gbóná. Mẹ́jọ ni mo kà, àlàfo wọn dọ́gba. Bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ náà, mẹ́jọ ni. Mi ò tíì fọ̀ ọ́. Tètè dé láàárọ̀."